Òórùn Tí A Fi Sí Gáàsì: Ààlè fún Imú

Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa òórùn, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò kì í ṣe 'rí', kì í sì í ṣe 'tọ́ wò', 'gbọ́' ni. À ń gbọ́ òórùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ìlù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ èdè, àti gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ìkìlọ̀. Ìlò èdè yìí kì í ṣe àṣìṣe, nítorí pé ìròyìn ni òórùn ń mú wá. Òórùn ọbẹ̀ ń sọ fún ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ pé oúnjẹ ti jinná. Òórùn iṣu tí ó ń jóná ń sọ fún ẹni tí ó wà ní yàrá pé ó ti gbàgbé ìkòkò lórí iná. Nínú gbogbo èyí, ohun tí ó ń rùn ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀. Ẹ̀fín ni ìwà, rírú ní í rú: ohun tí ó wà nínú kò ní pẹ́ kí ó tó hàn sí ìta.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ní ẹ̀fín, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó sì lè wó ilé ńlá lulẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ohun náà ni gáàsì tí ó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde, yálà pẹ̀lú epo rọ̀bì tàbí ní òun nìkan. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ ní ilé ìdáná máa ń wí pé gáàsì ń rùn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí a bá ti wẹ gáàsì náà mọ́ tán, kò ní òórùn kankan. Ọmọ ènìyàn ni ó fi òórùn sí i. Kókó ìjíròrò yìí ni ìdí tí a fi ń fi òórùn burúkú sí ohun tí kò rùn, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, ibi tí agbára òórùn náà mọ, àti ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ ọmọ nípa rẹ̀.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Àgbẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sì lè jókòó tì í, a máa fi ààlè sí i. Ààlè náà lè jẹ́ àkísà, ó lè jẹ́ ṣùkù àgbàdo, ó lè jẹ́ àpáàdì tàbí àjákù bàtà. Ohun tí ó ti gbó, tí kò wu ojú rí, ni wọ́n sábà ń lò, kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́. Àkísà náà kò lè na olè, kò sì lè pariwo. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé a ti bá òun sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni ó sì gbọ́dọ̀ pé kí ààlè tó lè ṣiṣẹ́. Èkíní ni ẹni tí ó fi í lélẹ̀. Èkejì ni àmì tí kò ṣeé ṣì mú fún ohun mìíràn. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó rí àmì náà, tí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ààlè di àkísà lásán. Ààlè ni òórùn inú gáàsì pẹ̀lú. Imú ni a fi í lélẹ̀ fún dípò ojú. Ibi tí aráyé ti kọ́ pé ààlè yìí kò ṣeé má ní ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ilé-ẹ̀kọ́ New London

New London jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas. Ní ọdún 1930, wọ́n rí epo rọ̀bì púpọ̀ ní agbègbè náà, owó sì wọ ìlú. Nínú owó yìí ni wọ́n ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan tí ó ná wọn tó mílíọ̀nù dọ́là kan. Ní ìgbà náà, ìnira ọrọ̀ ajé wà káàkiri Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko kò sì rí owó tún òrùlé ṣe. Ti New London yàtọ̀. Wọ́n kà á mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko tí ó lọ́rọ̀ jùlọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Nítorí òtútù, ilé náà nílò ohun tí yóò máa mú un móoru. Ayàwòrán ilé ti dábàá ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò máa fi ooru omi gbígbóná ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ kò gba ìyẹn. Ààrò gáàsì 72 ni wọ́n tò káàkiri inú ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1937, wọ́n tún wá ọ̀nà láti dín ìnáwó kù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń fa epo bẹntiróòlù jáde láti inú gáàsì ní àjẹkù gáàsì tí kò wúlò fún un, tí ó sì máa ń sun dànù. Ọ̀pá tí ó ń gbé àjẹkù yìí kọjá wà nítòsí. Wọ́n fọwọ́ rọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra gáàsì tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì so ọ̀pá ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọ̀pá àjẹkù náà. Owó tí wọ́n fi pamọ́ kò ju nǹkan bí 300 dọ́là lọ ní oṣù kan. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní àdúgbò náà. Ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníléeṣẹ́ kì í sì í bínú jù nítorí ohun tí wọn ìbá dáná sun.

Ibì kan tí a so ọ̀pá pọ̀ kò dì dáadáa. Láti ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò sínú àyè tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé náà, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráàyè wọlé-jáde tó. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ òórùn kankan, nítorí pé òórùn kò sí nínú rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni ó farahàn: fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn. Ara wọn ń pa àrokò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀. Orí fífọ́ kò jọ ìkìlọ̀ ìbúgbàmù lójú ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1937, àwọn ọmọ kéékèèké ti lọ sílé. Àwọn òbí àti olùkọ́ ń ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá náà. Ní ọjọ́ kejì, kò ní sí ẹ̀kọ́, nítorí pé àwọn ọmọ yóò lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn díje ní ìlú Henderson. Nígbà tí agogo mẹ́ta ti lù, tí ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n jáde, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tan ẹ̀rọ oníná mànàmáná kan tí wọ́n fi ń họ igi kí ó lè dán. A gbà pé ẹ̀ta iná kékeré ṣẹ́ níbi bọ́tìnì ẹ̀rọ náà. Ìyẹn ti tó. Gáàsì tí ó ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ gbiná. Àwọn tí ó wà níta rí i tí òrùlé gbéra sókè, tí ó sì padà já lulẹ̀ lórí àwọn tí ó wà nínú ilé. Ègé kọnkéré kan tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì fò kọjá, ó sì run ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan mọ́lẹ̀.

Àwọn bàbá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní oko epo sáré dé pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́, ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ agbẹ́rù kó àwókù ní gbogbo òru, nínú òjò, títí tí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ìlú Tyler, ilé ìwòsàn titun kan tí wọ́n fẹ́ ṣí ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ní láti ṣí kíákíá nítorí àwọn tí ó farapa. Àwọn tí ó kú sún mọ́ 300. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn, àwọn olùkọ́ sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Nínú àwókù náà ni wọ́n ti rí pátákó ìkọ̀wé kan tí a fi ẹfun kọ̀wé sí. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ń yin epo àti gáàsì gẹ́gẹ́ bí ìbùkún ńlá agbègbè náà, ó sì ń sọ pé bí kò bá sí wọn, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní sí.

Ìwọ̀n tí gáàsì fi ń di ewu

Kí a tó lè mọ ohun tí òórùn lè gbà lọ́wọ́ ikú, ó yẹ kí a mọ bí gáàsì ti ń bú. Ohun tí ó pọ̀ jùlọ nínú gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní methane. Bí a bá ka afẹ́fẹ́ inú yàrá kan sí igbá 100, tí methane inú rẹ̀ kò sì tó igbá 5, kò lè gbiná, nítorí pé ó kéré jù. Bí ó bá ju igbá 15 lọ, kò lè gbiná pẹ̀lú, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí iná yóò fi jó kò tó mọ́. Láàárín 5 sí 15 ni ikú wà. Láàárín ìwọ̀n yìí, ẹ̀ta iná tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ti tó láti bú gbogbo ilé.

Ìkìlọ̀ tí ó bá dé nígbà tí gáàsì ti pé 5 ti pẹ́ jù. Ó gbọ́dọ̀ ti dé ṣáájú kí onílé lè ní àkókò láti jáde. Ìdí nìyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi sọ pé ẹni tí imú rẹ̀ pé gbọ́dọ̀ lè gbọ́ òórùn gáàsì inú ọ̀pá nígbà tí ó bá dé ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n tí ó lè gbiná. Ní ti methane, èyí já sí igbá 1 péré nínú 100. Àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó ń po gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ènìyàn á sì gbé imú sí i títí òórùn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Imú ọmọ ènìyàn ni a kọ ààlè náà fún. Imú ọmọ ènìyàn náà ni a fi ń dán an wò.

Láti inú òórùn tí ó wá fúnra rẹ̀ sí òórùn tí a fi sí i

Gáàsì tí àwọn ìlú ńlá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń lò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe ti abẹ́ ilẹ̀. Èédú ni wọ́n ń sun láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, tí gáàsì fi ń jáde lára rẹ̀. Gáàsì èédú yìí ń rùn burúkú fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọ̀pá ilé rẹ̀ bá jò yóò mọ̀. Ní àwọn ọdún 1880, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ń lo irú gáàsì mìíràn tí kò rùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ọgbọ́n pé kí àwọn fi ohun olóòórùn kan sí i kí jíjò rẹ̀ lè hàn. Ọgbọ́n náà ti wà, nígbà náà, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí ti New London tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò sí ni òfin tí yóò mú kí gbogbo ènìyàn lò ó.

Ní ọdún 1937 kan náà ni àwọn aṣòfin Texas ṣe òfin pé kí a máa fi òórùn sí gáàsì. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé wọn, àṣà náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko: owó òórùn tí à ń fi sí gáàsì kéré gan-an sí owó tí New London san.

Ohun tí a sábà ń lò jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé àwọn èròjà tí à ń pè ní mercaptan. Zeise, onímọ̀ kẹ́míkà ará Dẹ́nmáàkì, ni ó fún wọn ní orúkọ yìí ní àwọn ọdún 1830. Èdè Látìnì ni ó ti mú un; ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'ohun tí ó ń gbá mákúrì mú', nítorí pé wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ mákúrì. Imí ọjọ́ wà nínú gbogbo wọn, òun sì ni ó fún wọn ní òórùn tí ó jọ ti ẹyin òbu, àlùbọ́sà tí ó ti rà, tàbí ẹran tí ó ti bàjẹ́. Ní Yúróòpù, èròjà mìíràn tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń rùn ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Òórùn náà gbọ́dọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba kékeré yóò fi tó. Imú ènìyàn lè gbọ́ òórùn mercaptan tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú gáàsì sílíńdà nígbà tí kò bá ju nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, mìlígíráàmù díẹ̀ ni à ń fi sínú gáàsì tí ó kún àpótí oníhà mítà kan-kan. Kò gbọdọ̀ pa ènìyàn lára ní ìwọ̀n tí a fi sí i. Ó gbọ́dọ̀ lè jóná pẹ̀lú gáàsì, kí ọbẹ̀ má baà rùn. Kò gbọdọ̀ jẹ irin ọ̀pá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ dùn mọ́ ènìyàn nímú. Bí ó bá jẹ́ òórùn òdòdó ni a fi sí gáàsì, onílé yóò jókòó tì í, yóò sì máa yìn ín. Ààlè tí ó bá lẹ́wà jù, ọ̀ṣọ́ ni àwọn ènìyàn yóò pè é.

Igún àti àwọn òṣìṣẹ́ gáàsì

Ìtàn kan láti ìpínlẹ̀ California fi hàn pé ìtumọ̀ àmì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á. Irú igún kan wà ní Amẹ́ríkà, olórí pupa, tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún igún ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ọdún 1826, nígbà tí Audubon, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ti kéde pé igún kì í fi imú wá òkú ẹran, àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń tọ́jú ọ̀pá gáàsì ní California ṣàkíyèsí pé igún máa ń kóra jọ sí òkè ibi tí ọ̀pá bá ti jò. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ojú ibi tí ó jò, wọn a fi mercaptan púpọ̀ sínú gáàsì, wọn a sì máa wo ojú ọ̀run. Kenneth Stager, onímọ̀ nípa ẹyẹ, gbọ́ ìròyìn yìí lẹ́nu wọn. Ó ṣe ìwádìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1964 pé igún olórí pupa ń fi imú wá oúnjẹ rẹ̀ lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé mercaptan yìí kan náà wà lára ohun tí ó ń jáde láti ara òkú ẹran. Igún ti ilẹ̀ Áfíríkà, ojú ni ó gbẹ́kẹ̀ lé ní tirẹ̀.

Òórùn kan ni ó jáde láti inú ọ̀pá náà. Igún gbọ́ ọ, ó sáré wá jẹun. Ènìyàn gbọ́ ọ, ó yẹ kí ó sá lọ. Kò sí ohun tí ó wà nínú mercaptan fúnra rẹ̀ tí ó túmọ̀ sí 'sá'. Ẹ̀kọ́ àti àdéhùn ni ó fi ìtumọ̀ yẹn sí i.

Gáàsì inú sílíńdà

Gáàsì tí ó wà nínú sílíńdà ìdáná ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta yàtọ̀ sí ti New London. Kì í ṣe methane; propane àti butane ni, tí a fún pọ̀ títí wọ́n fi di omi nínú irin. Mercaptan ni a fi sí àwọn náà. Ìwọ̀n tí a mọ̀ jùlọ ní Amẹ́ríkà ni pọ́n-ùn 1 mercaptan sí gálọ́ọ̀nù 10,000 propane olómi. Ìyàtọ̀ méjì ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Èkíní, methane fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì máa ń gòkè. Propane àti butane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì sá pamọ́ sílẹ̀, sábẹ́ tábìlì àti sínú gọ́tà. Èkejì, wọ́n ń tètè gbiná ju methane lọ: ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti tó fún wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ó ń dáná mọ̀ dáadáa. Bí sílíńdà bá fẹ́ tán, òórùn rẹ̀ a máa le sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé propane ń yára di afẹ́fẹ́ ju mercaptan lọ. Mercaptan ń ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀, ó sì ń pọ̀ nínú ìwọ̀nba tí ó kù. Nítorí èyí, ìtumọ̀ kejì ti wọ inú àmì náà: 'Gáàsì ti fẹ́ tán.' Ìtumọ̀ yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó léwu. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn ní òwúrọ̀, tí ó sì wí pé, 'Kò sí nǹkan kan, yóò tán lónìí ni,' ti fi ìtumọ̀ kékeré bo ìtumọ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Bí sílíńdà bá ń tán lọ lóòótọ́, òórùn tí ó kún ilé nígbà tí a kò dáná ṣì ń sọ ohun kan ṣoṣo: gáàsì ń jò.

Ibi tí agbára òórùn mọ

Ààlè kì í na olè. Òórùn náà kì í dá gáàsì dúró. Ọ̀nà púpọ̀ sì wà tí ó lè gbà kùnà. Àkọ́kọ́ ni pé imú a máa rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sínú òórùn náà fún ìgbà díẹ̀ kò ní gbọ́ ọ mọ́, yóò sì rò pé ó ti lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé gáàsì ṣì ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ó lè sọ òótọ́. Èkejì ni pé imú àgbàlagbà kì í mú tó ti ọ̀dọ́, ọ̀fìnkìn sì lè dí imú ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2020 tí àrùn COVID-19 ti gba ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti mọ̀ pé agbára láti gbọ́ òórùn lè lọ lójijì. Ẹ̀kẹta ni oorun: òórùn kì í sábà jí ẹni tí ó ti sùn wọra.

Gáàsì náà sì lè pàdánù òórùn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀pá bá jò lábẹ́ ilẹ̀, erùpẹ̀ lè fa òórùn náà mu, kí gáàsì sì gba inú ilẹ̀ wọ ilé láìsí òórùn lára. Irin titun tàbí irin tí ó dípẹtà lè jẹ mercaptan run nínú sílíńdà. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ gbani nímọ̀ràn pé kí ẹ̀rọ tí ó ń pariwo nígbà tí gáàsì bá jò máa ran imú lọ́wọ́, pàápàá níbi tí àwọn arúgbó ń gbé. Ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ imú. Ẹlẹ́rìí kejì ni.

Àìmọ̀ ni ó burú jùlọ nínú gbogbo ìkùnà wọ̀nyí. Ọmọ tí a kò kọ́ yóò gbọ́ òórùn náà ketekete, yóò sì wí pé eku ti kú sẹ́yìn àpótí. Yóò ṣá ìṣáná láti wá eku náà lábẹ́ ibùsùn. Imú rẹ̀ kò kùnà; àmì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ ni kò dé.

Iṣẹ́ olùkọ́

Ohun tí ó kù láti ṣe wà lọ́wọ́ olùkọ́ ju bí ó ti wà lọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́míkà lọ. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn. Bí òórùn gáàsì bá kún ilé, a kì í ṣá ìṣáná. A kì í tan iná mànàmáná, a kì í sì í pa èyí tí ó ti ń tàn, nítorí pé ẹ̀ta iná lè ṣẹ́ níbi bọ́tìnì ní ọ̀nà méjèèjì. A kì í tan fáànù pé kí ó lé òórùn náà lọ. Kí a ti ẹnu sílíńdà bí ọwọ́ bá lè tètè tó o, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a kó gbogbo ará ilé jáde, kí a sì wà níta kí a tó lo tẹlifóònù. Bí a bá fẹ́ mọ ojú ibi tí rọ́bà sílíńdà ti ń jò nígbà tí ewu ti rọlẹ̀, omi ọṣẹ ni a fi ń pa á; ibi tí ó bá ti hó ni ó ti jò. Iná kọ́ ni a fi ń wá a.

Ọmọ lè há gbogbo èyí sórí kí ó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ohun tí kò ní jẹ́ kí ó gbàgbé ni kí ó mọ ìdí. Bí olùkọ́ bá sọ fún un pé gáàsì kò ní òórùn, pé ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ó fi òórùn náà sí i nítorí rẹ̀, ọmọ náà yóò mọ̀ pé a ń bá òun sọ̀rọ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ kí ó gbọ́. Ẹni tí ó gbọ́, ọba jẹ́ kí ó gbà. Gbígbọ́ àti gbígbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Mercaptan lè mú kí imú gbọ́. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó lè mú kí ọkàn gbà.

Ní New London, wọ́n ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n sì gbé òpó ìrántí olókùúta kan kalẹ̀ sí àárín títì tí ó kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ náà kò rí ààlè kankan. Gbogbo òórùn burúkú tí ó ń jáde láti inú sílíńdà lónìí, ìkìlọ̀ tí àwọn kò rí gbà ni.